Ọmọ tí Ilé-Ìwé Lé Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀jọ́

Nígbà tí akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, a mọ̀ pé ohun tí ó ní lọ́kàn ni bí a ti ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nìyẹn. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀ràn kan wà tí ó ti ń dùn wá lọ́kàn láti ọdún pípẹ́ wá, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwa fúnra wa dá.

Ní àkókò tí a jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé-ìwé girama kan ní apá ìhín, a kò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n mú ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 14, wá síwájú wa. Ó ti fọ́ fèrèsé, ó ti bú olùkọ́, ó sì ti lu ọmọ kékeré kan títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde ní imú rẹ̀. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyẹn ní sáà kan ṣoṣo. A nà án ní ẹgba 12 níwájú gbogbo ilé-ìwé, kò sunkún. Àìsunkún rẹ̀ yìí gan-an ni ó bí wa nínú jù, bẹ́ẹ̀ ni a sì fi ọwọ́ sí ìwé ìlélọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹja gbígbẹ, kúnlẹ̀ bẹ̀ wá títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí kí a tó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìwọlé sáà náà ni bàbá ọmọ yìí kú sínú ọ̀sà, ọmọ náà ni ó sì rí òkú rẹ̀, òun nìkan ni ó wa ọkọ̀ gbé e wá sílé. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Àwa tí a kàwé, tí a sì ń dúró lórí àga ìwàásù, kò bi í. Nígbà tí ojú wa tún kò, ó ń so mọ́ ilẹ̀kùn dánfó ní Ìyànà Ìbà, ó ń ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ó rí wa, ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò.

Àwọn bàbá wa fi orúkọ méjì sílẹ̀ fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò hàn lára rẹ̀. Àbíìkọ́ ni ọmọ tí a bí tí a kò kọ́. Àkọ́ọ̀gbà ni ọmọ tí a kọ́ tí kò gbà. Orúkọ méjèèjì yìí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kẹta kan wà tí kò bọ́ sínú èyíkéyìí nínú wọn. A kọ́ ọ, ó sì fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ohun kan jókòó lé e lọ́kàn tí kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ẹ̀kọ́ náà: ìbẹ̀rù ni, tàbí ọ̀fọ̀, tàbí ìyà tí ó ń jẹ ẹ́ nílé, tàbí àìsàn ọkàn gan-an. Nítorí pé a kò ní orúkọ tí a ó fi pè é, a ń pè é ní àkọ́ọ̀gbà, a sì ń ṣe é bí a ti ń ṣe àkọ́ọ̀gbà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti yọ lẹ́nu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1945, ya irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú òfin ẹ̀kọ́ wọn, orúkọ tí wọ́n fún wọn ni àwọn tí kò bá ibi tí wọ́n wà mu. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ìwà àti ìmọ̀lára pọ̀ sínú orúkọ kan. Ní ọdún 2014, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà, ìwà, kúrò pátápátá, wọ́n sì ń sọ ti ìṣòro ìbágbépọ̀, ti ìmọ̀lára àti ti ìlera ọkàn. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ wo ohun tí ń bẹ lábẹ́ ìwà kí ó tó dájọ́ ìwà. Fún àwa Yorùbá, tí ìwà jẹ́ ohun gbogbo lójú wa, ìgbésẹ̀ yìí lè dàbí àṣejù, àwa pẹ̀lú kò sì tíì gbà á tán. Ẹni tí ó lu ọmọ ẹlòmíràn ti hùwà burúkú, ó sì yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń rú èéfín, kì í ṣe èéfín ni a ń da omi lé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ pé, nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà láàrin ọdún 10 sí ọdún 19, ẹnì kan nínú méje ni àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn ń bá jà. Ẹ ka àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìyàrá-ẹ̀kọ́ kan ní Òkokomáíkò, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà méje. Ẹ má sì ṣe ka kìkì àwọn tí ń jà. Ọmọbìnrin wà tí kò bú ẹnikẹ́ni rí, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní ìlà ẹ̀yìn, tí ó ti dẹ́kun oúnjẹ, tí kò sì sùn lóru. A ń yìn ín fún ìwà tútù, a sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ nígbà tí ilé-ìwé bá tì wọ́n jáde? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àárín Ọ̀jọ́ àti Ìbà mọ̀ ju wa lọ. Àwọn kan ń lọ sí ibùdókọ̀, àwọn kan sí ọjà Alábà láti máa ru ẹrù. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn sì ń bẹ tí kì í lé ẹnikẹ́ni jáde, tí wọ́n ń bi ọmọ léèrè ohun tí ó ń dùn ún kí a tó bi í. Àwọn mìíràn sì ń lọ sí ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn. Àlùfáà ni wá, nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti sọ èyí: ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn bí a ti ń fi ẹ̀wọ̀n de àwọn alárùn ọpọlọ, àti ọmọdé láàrin wọn, ní oríṣiríṣi ilé ní ilẹ̀ wa, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nínú àwọn ilé náà. Àdúrà kò nílò ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ìjọba náà ti gbìyànjú láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1941 ni wọ́n fi ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner ṣe olórí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìnílé ní Èkó, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń sùn sí ojú ọjà àti etí òkun. Ní 1943 òfin àwọn ọmọdé jáde, àwọn ilé ìtúnṣe sì tẹ̀lé e. Títí di òní ilé irú rẹ̀ wà ní Òrégùn fún àwọn ọmọkùnrin, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 sì ti rọ́pò òfin àtijọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin tuntun nípa ìlera ọkàn dé, ó sì lé òfin wèrè tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ ní 1916 lọ. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ní láti dé iwájú adájọ́ kí ilé ìtúnṣe tó mọ̀ ọ́n, tàbí kí ó di aláìsàn tí gbogbo ènìyàn rí kí ilé ìwòsàn tó gbà á. Láàrin ilé-ìwé tí ó lé e àti adájọ́ tí yóò gbà á, kò sí ilé kankan lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ọ̀mọ̀wé Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó dé láti ìlú òyìnbó, tí a fi ilé ìwòsàn Àrọ̀ lé e lọ́wọ́, kò dúró de ìgbà tí wọn yóò kọ́ ilé ńlá olódi fún un. Ní ọdún 1954 ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Àrọ̀ ká sọ̀rọ̀, ó sì fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé wọn. Ẹbí ẹnì kan a tẹ̀lé aláìsàn wá, a máa se oúnjẹ fún un. Ní òwúrọ̀ a gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ní ìrọ̀lẹ́ a padà sí abúlé, sí oko, sí àárín àwọn ènìyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà láti bá a ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó, a sì ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà títí di òní. Ohun tí ó ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà àtijọ́, bí ọmọ bá di líle lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a ó mú un lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní ìlú mìíràn, tàbí kí a fi í sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, tàbí ọ̀dọ̀ apẹja tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Babaláwo tí a bá mú un lọ bá, kí ẹ má ṣe sọ fún bíṣọ́ọ̀bù wa, a máa béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé nígbà náà. Ìbéèrè tí àwa kò bèèrè nìyẹn.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò tóbi. Ilé kan ni, ní àárín Ìbà àti Òkokomáíkò, tí yóò gba ọmọ 20, kí wọ́n má ṣe pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọdún 12 sí 17. Olùkọ́ mẹ́ta tí a yàn nítorí sùúrù wọn, kì í ṣe nítorí ìwé ẹ̀rí nìkan. Ní òwúrọ̀, ìwé kíkà àti ìṣirò, kí ìdánwò ìparí girama kékeré má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sán, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí a mọ̀, ìbáà ṣe àtúnṣe rédíò àti tẹlifísọ̀n ní Alábà, tàbí àwọ̀n híhun ní etí ọ̀sà. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìlera ọkàn yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ibi ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní Oṣòdì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ohun tí ó jẹ́ láti gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ la ọ̀nà yẹn kọjá. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983; ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Òtò, ní ìtòsí wa níhìn-ín, di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní 2022. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ilé-ìwé tí ọmọ ti wá má ṣe pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kí àga rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìjòyè kan, ó dá wa lóhùn pé bí a bá kó àwọn ọmọ líle jọ sí ojú kan, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni a dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òtítọ́ nínú. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ ìta ti ń dúró de àwọn ọmọ ní ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a fi ní 20, tí a sì fi ní kí wọ́n má ṣe sùn síbẹ̀. Kí olúkúlùkù wọn sùn sílé ìyá rẹ̀. Bí ilé ìyá rẹ̀ bá sì jẹ́ ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́, kí ẹbí kan nínú Ẹgbẹ́ yìí gbà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Àrọ̀ ti ṣe. Àwa àti ìyàwó wa yóò gba ẹnì kan.

A wá ọmọ tí a lé náà lọ sí Ìyànà Ìbà ní ìgbà méjì. Ní ìgbà kejì ó jókòó tì wá ní ilé oúnjẹ kan, ó sì jẹun, ṣùgbọ́n kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó ti di àgbà ọkùnrin nísinsìnyí. Kò padà sí ilé-ìwé.

A gbọ́ pé ìdílé kan níhìn-ín ní ilé oníyàrá mẹ́fà tí ó ṣófo ní ọ̀nà Ìbà. Bí ẹni tí ó ni ín bá wà láàrin wa, kí ó jọ̀wọ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé.