Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

  Bí ètè yín bá ti là, ẹ fi òrí pa á. Bí ẹsẹ̀ yín bá funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ìyẹ̀fun, ẹ má bínú, ìgbà rẹ̀ ló dé. Afẹ́fẹ́ tó ń mú ara wa gbẹ yìí, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, ó sì gba ilẹ̀ Haúsá kọjá kó tó kàn wá létí ọ̀sà níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ebi tó ń pa ènìyàn nínú oṣù kẹfà, inú oṣù kìíní ni a ti ń bí i. Ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ̀rùn sùn, yóò fi òjò sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ sí etí ọ̀sà níbẹ̀, yóò bá Ọjà Olúwo, ọjà ẹja tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìkòròdú àti Èkó. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, èpìyà, akàn àti edé. Ẹja tútù wà, ẹja yíyan náà wà. Lẹ́yìn ìlú ni oko bàbá mi wà. Bàbá mi ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Màmá mi ń yan gàrí, ó ń rù ú lọ sí Ọjà Olúwo, ó sì ń fi owó rẹ̀ ra ẹja, iyọ̀ àti epo kẹrosínì bọ̀. Ọmọ márùn-ún ni wá. Bí a bá ka bàbá, màmá àti Ìyá àgbà tó bí bàbá mi mọ́ ọn, a di ẹni mẹ́jọ nínú ilé. Owó wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í tọrọ jẹ.

Àwọn kan rò pé ìgbà ìsinmi ni ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ fún àgbẹ̀. Nílé wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá mi a máa sọ pé oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kì í gba owó iṣẹ́, kí á yáa lò ó. A ń sá ata, a ń sá ilá kí ó lè di ọ̀rúnlá, a ń sá iṣu tí a fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. A ń bó ẹ̀gẹ́, a ń rin ín, a ń kó o sínú àpò, a sì ń gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè kan, kí omi rẹ̀ sì ro dànù. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ló ń mú un kúrò. Nítorí náà ẹni tó bá kánjú yan gàrí, ewu ló ń yan. Ní ti bàbá mi, yóò tún òrùlé ṣe, yóò gbọ́n ọkọ́ àti àdá, yóò sì ro etí oko yí ká kí iná ọyẹ́ má baà ráyè wọlé. Ní alẹ́, a ó yí iná ká, Ìyá àgbà a sì máa ṣa irúgbìn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀.

Ní ọdún tí mo wà ní ìwé kẹrin, àgbàdo gbówó lórí gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oníṣòwò kan wá bá bàbá mi, ó ka owó sílẹ̀. Bàbá mi ta àgbàdo jíjẹ tán, ó sì na ọwọ́ sí irúgbìn tó so rọ̀ sókè ààrò, ó tú ìdajì rẹ̀ tà. Ó ní èyí tó kù yóò tó gbìn.

Ní àárín oṣù Èrèlé, èyíinì ni oṣù kejì, òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ kan pẹ̀lú ààrá. Òórùn ilẹ̀ tutù gba gbogbo ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bàbá mi ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó sì kó irúgbìn tó kù dání. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọmọ mi, òjò kan kì í ṣe òjò. Ṣé o fi nǹkan kan sílẹ̀?” Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Ẹ má dààmú, Ìyá. Ọdún yìí, òjò ti dé.” Kí oòrùn tó wọ̀, a ti gbin gbogbo rẹ̀ tán.

Àgbàdo náà hù, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n òjò kò padà wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, ọ̀sẹ̀ kẹta kọjá. Àwọn ewé ká kò, wọ́n pọ́n, wọ́n gbẹ. Nígbà tí òjò gidi fi máa dé ní ìparí oṣù kẹta, kò sí hóró irúgbìn kan nílé wa. Bàbá mi ní láti lọ rà á ní ìlọ́po mẹ́ta iye tó fi ta tirẹ̀. Owó tó sì ná, owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé ní ọdún náà. Ó ń bá màmá mi ru gàrí lọ sí Ọjà Olúwo, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó padà ní ọdún kejì, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀. Títí di òní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kì í yọ̀ bí àwa yòókù ṣe ń yọ̀.

Bàbá mi kò jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọdún yẹn, ìdì mẹ́ta ni ó ń di irúgbìn rẹ̀ sí. Ìdì kìíní wà fún òjò tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdì kejì wà fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdì kẹta kò gbọdọ̀ kúrò lókè ààrò títí àgbàdo oko yóò fi ga dé orúnkún. Ìyá àgbà ni a fi ṣe olùṣọ́ ìdì kẹta, kò sì sí ẹni tó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bàbá mi fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan ní 1862 tó fún ẹni tó bá fẹ́ dáko ní ilẹ̀ 160 éékà, bí ó bá lè gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí ó sì ro ó. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, yìnyín a máa bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ilẹ̀ a sì le bí òkúta. Ohun tí ìdílé bá kó pamọ́ sínú àjà ilẹ̀ ni wọn yóò jẹ títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Òtútù ni tiwọn, gbígbẹ ni tiwa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ìgbà méjèèjì ń bi àgbẹ̀: kí lo fi pamọ́, kí lo sì fẹ́ gbìn?

Ẹ jẹ́ kí á dáhùn ìbéèrè náà pọ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù yín, ẹ̀yin ọmọ.

Èkíní, ẹ ka oúnjẹ ilé. Ká ní ilé kan ń jẹ kóńgò gàrí kan lóòjọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní dé ìparí oṣù kẹfà jẹ́ ọjọ́ 181. Bí gàrí tó wà nílé bá jẹ́ 120 kóńgò, ọjọ́ 61 ni kò sí oúnjẹ fún. Oṣù méjì gbáko nìyẹn! Ó sàn kí á mọ̀ ọ́n lónìí, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀ tí oòrùn sì wà láti sá nǹkan, ju kí ìkòkò òfìfo sọ fún wa. Kí ló dé tí mo fi kà á dé oṣù kẹfà? Àgbàdo tó ń yára gbó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 90. Èyí tí a bá gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ìparí oṣù kẹfà ni yóò dé ọwọ́ wa.

Èkejì, ẹ dán irúgbìn wò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan àti ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sínú ìgò tó gbẹ, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo náà. Ẹ tún un sá kí ó má baà bu. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka hóró 20, ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ má jẹ́ kí aṣọ náà gbẹ. Ní ọjọ́ keje, ẹ ka èyí tó hù. Bí ó bá tó 17, irúgbìn rere ni. Bí kò bá ju 10 lọ, ẹ tètè wá òmíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbàgbé igi ẹ̀gẹ́ àti èbù iṣu. Ẹ to igi ẹ̀gẹ́ ní òró sábẹ́ ibòji, kí oòrùn má baà pa á. Bí àkókò bá tó, kí ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25, kí ojú márùn-ún sí méje wà lára rẹ̀. Ní ti èbù iṣu, ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ẹ gé kí ó má baà rà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi òjò kan ṣoṣo dá ọjọ́ ìgbìn. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá jìn tó gígùn àtẹ́lẹwọ́, ẹ ṣe sùúrù. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ fetí sí i. Ṣùgbọ́n bí àsọtẹ́lẹ̀ bá tilẹ̀ dára, ẹ má tú ìdì kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tí mo fún yín lálẹ́ òní nìyí. Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá tàbí màmá yín pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni irúgbìn wa wà?” Bí wọ́n bá nawọ́ sí òkè ààrò, ẹ dúpẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi fún wọn. Ọyẹ́ ṣì wà, ọjọ́ kò tíì lọ.

Kí Ọlọ́run fún wa ní òjò tó ń tuni lára, kí ó sì bá ọwọ́ wa tó mọ́ra. Ó dìgbà o.