Bí Olè Bá Wọlé Wa Lábúlé
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún wa)

Wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ bí a ṣe máa ń sọ lọ́dọọdún, pé kí ẹni tó yáwó tètè dá a padà. A ti sọ ìyẹn tó. Ẹni tó máa gbọ́ ti gbọ́, ẹni tí kò gbọ́ mọ ara rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ àwọn ohun tí a fi owó àjẹṣẹ́kù rà tí a kó pamọ́ sílé, pàápàá àwa tí ilé wa wà lábúlé tí a ń ti ibẹ̀ wá sọ́jà. Ó sì tún jẹ mọ́ ohun kan tí ẹgbẹ́ yìí ṣe ní ọdún 2019 tí kò dára, tí a kò tíì jókòó sọ láàárín ara wa.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́pò wa ni. Ó ti fún wa láyè kí á sọ ọ́, ó ní kí á ṣáà má dárúkọ òun, nítorí náà Ìyá Ẹlẹ́pò la ó máa pè é. Ilé rẹ̀ wà ní abúlé kan lọ́nà oko Apòmù. Ó lọ síbi ìsìnkú ní Ìbàdàn, ó sùn síbẹ̀ ní òru méjì. Ọmọbìnrin tó ń bá a gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ sùn sílé aládùúgbò nítorí ẹ̀rù. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́pò dé, gíláàsì mẹ́ta ti kúrò lójú wíńdò ẹ̀yìn, wọ́n tò wọ́n jẹ́jẹ́ ti ògiri bíi pé ẹni tó ni wọ́n ló yọ wọ́n. Àpótí wà ní ṣíṣí. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù kan, ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, ìyùn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, aṣọ mẹ́fà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹgbẹ́ yá a lówó rà, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Ó figbe ta, abúlé sì dà wọlé. Ẹnì kan kó gíláàsì kúrò nílẹ̀ kí ọmọdé má baà fi gé ara rẹ̀. Ẹlòmíràn mú ìgbálẹ̀, ó gbá yàrá mọ́ tónítóní nítorí àánú. Wọ́n lọ bá Baálẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn ọdẹ. Ìyẹn kò burú, nítorí ọdẹ ló máa ń mọ ẹni tó gba ọ̀nà oko kọjá lóru. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa yọjú, ọwọ́ gbogbo abúlé ti wà lára gíláàsì, wọ́n sì ti fi ìgbálẹ̀ gbá ipa ẹsẹ̀ olè dànù. Ẹni tó bá dé bá ilé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó jáde, kí ó fa ilẹ̀kùn dé, kí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dọ̀tí.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí a kò ní dárúkọ, wọ́n bi í pé, "Màmá, irú góòlù wo ni?" Ó ní, "Góòlù gidi ni." Wọ́n ní gíráàmù mélòó? Ó ní ó wúwo díẹ̀. Fọ́tò ńkọ́? Ó ní ọ̀kan wà níbi ìgbéyàwó ọmọ òun, ṣùgbọ́n ìborùn bo ọrùn níbẹ̀. Rìsíìtì ńkọ́? Ta ní í gba rìsíìtì lọ́wọ́ oníbàárà ẹni! Ọ̀gá tó ń kọ̀wé wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn kan tó pọ́n bíi góòlù. Ó dun Ìyá Ẹlẹ́pò wọra. Àwa náà bínú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kí ni ẹni tí kò rí nǹkan náà rí ì bá tún kọ?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í pé ta ló fura sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí.

Ìyá Ẹlẹ́pò dákẹ́. Àwa la sọ̀rọ̀. A jẹ́ mẹ́jọ nínú ìgbìmọ̀, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a kún inú bọ́ọ̀sì kan lọ sí àgọ́ náà, a ní ta ló tún kù bí kò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀? Ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà? A pariwo. A tún dáwó fún wọn pé kí wọ́n fi ra epo ọkọ̀, a kò sì gba ìwé kankan. Ọmọ náà gbọ́, ẹ̀rù bà á, ó sá lọ. A ní ẹ ò rí i, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kì í sá. Kí lẹ rò pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa ṣe tó bá gbọ́ pé ìyá mẹ́jọ ń wá òun pẹ̀lú ọlọ́pàá?

Nígbà tí wọn kò rí ọmọ, wọ́n lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Obìnrin yìí ń ta ẹ̀kọ ní Ìkirè. Ẹ̀kọ rẹ̀ wà lórí iná nígbà tí wọ́n dé. Òru méjì ló fi sùn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà. Ó ń bi wá pé, "Kí ni mo jí?" A ń dá a lóhùn pé, "Mú ọmọ rẹ wá." Àwa ìyá ọlọ́mọ la sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá láti dúró fún un, wọ́n ní obìnrin kì í gba bélì, kí ó lọ mú ọkùnrin wá. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ pé irọ́ ni.

A ti lọ bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà láti ìgbà náà, ẹ sì jẹ́ kí á sọ ohun tó kà sí wa létí. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí wọ́n ń pè ní ACJA, sọ ní abala keje pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn tí a ń wá. Ìyá kò lè wọ àhámọ́ nítorí ọmọ, ìyàwó kò lè wọ̀ ọ́ nítorí ọkọ. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ọlọ́pàá tuntun ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Abala 167 nínú ACJA sì sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Àwa tí a ń dúró fún ara wa lórí owó ńláńlá nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni ACJA, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Èkó tilẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ láti 2007. Bélì àgọ́ ọlọ́pàá pàápàá, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sì ní ẹni tí wọ́n bá mú ní láti dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ọ̀nà àgọ́ náà sí kóòtù kò tó ìdajì ìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀. A kò lọ bá a.

Bí àṣírí ṣe tú kò ní ọwọ́ ariwo wa nínú rárá. Ọlọ́pàá kékeré kan, kọ́púrà, ni wọ́n gbé ìwé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù kan. Kò bèèrè ta la fura sí. Ó bi Ìyá Ẹlẹ́pò pé, "Páálí jẹnẹrétọ̀ yẹn ńkọ́?" Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni páálí wà, ó fi kó bàtà àtijọ́ sí. Nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, òun kan náà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Kọ́púrà dà á kọ, ó ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, láti Ìkirè dé Gbọ̀ngán. Gbọ̀ngán ló ti bá a. Oníṣẹ́ náà ní òun rà á ni, ó sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Ṣé ẹ mọ ẹni náà? Ọmọkùnrin tó wá kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí wíńdò Ìyá Ẹlẹ́pò ní oṣù méjì ṣáájú. Ó mọ bí gíláàsì ṣe ń yọ. Ìyá Ẹlẹ́pò ti fún un ní oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n rí aṣọ mẹ́rin nínú mẹ́fà gbà padà lọ́wọ́ télọ̀ kan. Télọ̀ ní ti òun ni wọ́n. Àmọ́ Ìyá Ẹlẹ́pò ti sọ sínú ìwé rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé áyọ́ọ̀nù jó etí sányán òun, ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, bí ojú ewé ata. Wọ́n tú u, wọ́n bá a níbẹ̀. Góòlù ti di yíyọ́. Ìyùn kò padà wá títí di òní. Jẹnẹrétọ̀ di ẹ̀rí, ó sì lé ní ọdún kan kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọjà pọ́ọ́kú, ẹ fetí sílẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ pé ẹrù olè ni tó sì rà á, òfin ìwà ọ̀daràn, abala 427, lè fi í sẹ́wọ̀n tó ọdún 14.

Nítorí èyí ni a ṣe ra ìwé ńlá kan tó wà lórí tábìlì níwájú yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lè wá kọ ohun ìní rẹ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò ní kà á bí kò ṣe òun àti akọ̀wé. Ẹ gbé góòlù yín dé orí òṣùwọ̀n, ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀. Ẹ wo ibi ìkọ́ rẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà kékeré máa ń wà níbẹ̀: 750 ni ti 18 kárátì, 875 ni ti 21, 916 ni ti 22. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ya fọ́tò rẹ̀ lórí aṣọ funfun, láìsí gèlè, láìsí ìborùn. Fóònù yín, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa jáde, ẹ dà á kọ. Kí ẹ má sì sọ páálí nù. Bí ẹ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, kí wọ́n kà á fún yín lédè tí ẹ gbọ́ kí ẹ tó tẹ̀ka sí i. Bí wọ́n bá ní ta lẹ fura sí, tí ẹ kò rí ẹnikẹ́ni, "N kò rí ẹnikẹ́ni" ni ìdáhùn.

Ọdún 2020 la tó lọ sí Ìkirè lọ bẹ obìnrin ẹlẹ́kọ náà, àwa márùn-ún pẹ̀lú Ìyá Ẹlẹ́pò. Ó gbé àga fún wa, ó fún wa lómi, ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé, kò jáde sí wa. Ìyá Ẹlẹ́pò kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́, títí obìnrin náà fi ní kí ó dìde, ilẹ̀ tutù.

A fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i fún ayẹyẹ òní. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì dé. Àga rẹ̀ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́pò. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i o. Bó bá wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó ní àwòjù. Ẹ gbé oúnjẹ fún un bí ẹ ṣe ń gbé e fún àlejò wa yòókù.