Ṣé Ẹ̀kọ́ Ọ̀gá Òyìnbó Bá Ọ́fíìsì Wa Mu?

Geert Hofstede, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, yẹ ìdáhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM fún àwọn ìbéèrè kan láàárín ọdún 1967 sí 1973 wò káàkiri ayé. Ó fẹ́ mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe gbà pé ọ̀gá jìnnà sí òun tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni àlàfo náà ṣe pọ̀ tó. Amẹ́ríkà gba 40. Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone, tó kà pọ̀, gba 77. Lọ́dún 1980, ó béèrè ní gbangba bóyá ẹ̀kọ́ ìṣàkóso Amẹ́ríkà wúlò nílẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ẹ wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń ní kí ọmọ iṣẹ́ sọ àléébù ọ̀gá lójú gbogbo èèyàn. Bí ọ̀gá bá tó bàbá ẹni, ta ni yóò la ẹnu? "Kò sí wàhálà, sà" ni wọn á máa wí, olùkọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ó ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ gidi wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, tàbí kí wọ́n rán àgbà tí tọ̀tún tòsì fọkàn tán. Àmọ́ nọ́ńbà Hofstede kì í ṣe ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan o. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá l'Ékòó lè fẹ́ bá ọ̀gá wọn sọ ọ́ lójúkojú.