Ìlù Àyàn ní Kúbà: Ijó Kan Náà, Àṣẹ Ọ̀tọ̀

 

Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Ohun tí ó bá wọn gúnlẹ̀ ni èyí tí ó wà nínú ara wọn: orin, ìlù àti ijó. Lùkùmí ni orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ bàtá, wọ́n sì fi Àyàn sínú rẹ̀. Mẹ́ta ni ìlù náà títí di òní: ìyá, itótele àti okónkolo. Àwọn onílù a jókòó, wọn a gbé e lé itan, wọn a sì fi ọwọ́ lásán lù ú lójú méjèèjì.

Ẹni tí ó bá mọ òrìṣà kò lè ṣi ijó náà mú. Ẹni tí ń jó ijó Yemọja a máa fi etí aṣọ ṣe ìgbì òkun. Ti Ògún a máa fi àdá la ọ̀nà. Ti Ṣàngó a máa nawọ́ sókè bí ẹni tí ń fa àrá wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n mímọ ẹsẹ̀ ijó nìkan kò tó. Ìyàwó òrìṣà kò gbọdọ̀ jó níwájú ìlù Àyàn títí wọn yóò fi mú un wá fi han ìlù náà.

Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀mọ̀wé Fernando Ortiz gbé bàtá jáde fún èrò ìwòran ní Havana; Pablo Roche ni aṣíwájú àwọn onílù. Ìlù tí wọ́n lù kì í ṣe ìlù Àyàn. Aberikulá ni, èyí tí wọn kò ṣe ètùtù sí. Ní 1962, wọ́n dá Conjunto Folklórico Nacional sílẹ̀, ijó òrìṣà sì di ti orí ìtàgé pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó dáàbò bo ijó náà. Ìtàgé jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n; igbódù kò jẹ́ kí ó di eré lásán. Nítorí náà, kí àlejò bèèrè kí ó tó bọ́ sí agbo, kí ó sì bèèrè kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè. Kí ọmọ onílé, tí ń fi owó pe bàtá síbi ìnáwó gbogbo, rántí pé àwọn tí wọ́n kó lọ lọ́wọ́ òfo kò da ìlù ìnáwó pọ̀ mọ́ ìlù ìbọ.

Àyàn Àgalú kò ní jẹ́ kí ìlù dákẹ́ nílé, kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn tí ó wà lókè òkun ṣìnà. Àṣẹ.