Ọmọ Tí A Gbé Lọ sí Òkè Òkun
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń múra sílẹ̀ kí ọmọ tó di ọmọ ẹlòmíràn ní òkè òkun. Kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kúrò nínú èdè wa, ó sì mọ ilé baba rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1955, ọ̀ràn náà gba ibòmíràn yọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ẹni bá wọn tọ́jú ọmọ. Wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń san owó ìtọ́jú. A kò bú wọn: ìwé ni wọ́n ń kà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ onílé ni kò sì fẹ́ ọmọ nínú yàrá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó gba ọ̀nà yìí. Àwọn kan rí ìfẹ́ tòótọ́, àwọn kan jìyà.

Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí a bí ní London ní 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìkókó ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, fi í sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury. Nígbà tí wọ́n mú un wá sílé, kò gbọ́ èdè wa. Àjèjì ni ó jẹ́ láàárín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe sinimá Farming ní 2018 láti sọ ìtàn náà.

Ẹ̀yin ará, owó ìtọ́jú ni a pèsè nígbà náà. Ọkàn ọmọ ni a kò pèsè.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá fi ọmọ sílẹ̀, tàbí tí yóò gba ọmọ ṣọmọ, kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin. Èkíní, kí ó sọ òtítọ́ fún ọmọ láti kékeré, nítorí irọ́ tí a bá fi wé ọmọ yóò tú lọ́jọ́ kan. Èkejì, kí ó kọ orúkọ, oríkì àti agbo ilé rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì fi àwòrán ará ilé sí i. Ẹ̀kẹta, kí a máa bá ọmọ sọ Yorùbá, ìbáà ṣe lórí tẹlifóònù. Ẹ̀kẹrin, kí ó tẹ̀lé òfin. Ilé ẹjọ́ ni ó ń fi òǹtẹ̀ lu gbígba ọmọ ṣọmọ, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti wí. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá gbígba ọmọ ṣọmọ láti Nàìjíríà dúró; kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ẹ̀yìn wá ọ̀nà.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọmọ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí ilé bá a lọ.

 Ọlọ́run yóò wo gbogbo ọmọ wa.