Yíyan Ẹ̀rọ Atọ́nà GPS: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Awakọ̀ Sọ Ní Mamobi

Ohun tí a fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí ni ẹ̀rọ kékeré alágbèéká tí ń sọ ibi tí ènìyàn wà, tí ó sì ń júwe ọ̀nà ibi tí ó ń lọ. GPS ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ń fi takisí jẹun, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Ní Mamobi níbí, ọ̀pọ̀ ọ̀nà àárín ilé ni mọ́tò kò lè gbà, "ẹ̀yìn mọ́sálásí" sì ni àdírẹ́ẹ̀sì tí àwọn àgbà mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni ìjọba Gánà gbé GhanaPostGPS jáde, tí ó pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 5, tí olúkúlùkù sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀nà. Ẹ̀rọ lè mú yín dé ẹ̀yìn ògiri oníbàárà, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní àdúgbò kejì. Nígbà náà, ìyá oníwàákyé tí ó wà ní ìkóríta sàn ju sátẹ́láìtì lọ.

Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí Amẹ́ríkà ni wọ́n, ń yí ayé ká ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè. Ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, kí ó tó lè sọ ibi tí ẹ wà dájú. Títí di ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìṣirò náà rú fún aráàlú; láti ìgbà náà, àṣìṣe tí ó lè tó 100 mítà ti dín sí mítà díẹ̀ ní gbangba. Ògiri gíga àti òrùlé páànù ṣì ń ṣì í lọ́nà, nítorí náà ẹ yan èyí tí ó tún ń gbọ́ sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà, Yúróòpù tàbí Ṣáínà.

Ẹni tí ń wọn oko kòkó tàbí tí ń ṣọ́ igbó nílò èyí tí ń lo bátìrì tí a lè pààrọ̀ lójú ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn, tí a sì kọ IPX7 sí lára, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú omi mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ irú èyí kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ó ti yà, àwọn mìíràn kò sì ní máàpù Gánà nínú. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Máàpù OpenStreetMap, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣeé kó sínú púpọ̀ nínú wọn.

Ní tèmi, awakọ̀ Accra tí ó ní fóònù tí ó dára kò nílò òmíràn. Ẹ̀rọ GPS wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì bí ẹ bá ti gba máàpù sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ fi owó náà ra ohun tí yóò gbé e dúró níwájú yín, nítorí òfin ìrìnnà Gánà ti ọdún 2012 ka fífọwọ́ mú fóònù lójú ìwakọ̀ léèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Ẹ̀rọ atọ́nà lásán ń gbọ́ ni, kì í sọ ibi tí ẹ wà fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí agbanisíṣẹ́ ń so mọ́ ọkọ̀ yàtọ̀: ó ní káàdì SIM, ó sì ń ròyìn yín, títí kan ibi tí ẹ dúró jẹun. Bí wọ́n bá gbé e wá, kí aṣojú yín béèrè ta ni yóò máa wò ó, títí di ìgbà wo ni wọn yóò fi pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, àti bóyá wọ́n lè torí rẹ̀ gé owó oṣù. Kí ìdáhùn náà wà nínú ìwé àdéhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á síbẹ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ dúró sí gbangba. Ẹ̀rọ tuntun lè lo ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Ẹ ní sùúrù dè é, kí ẹ sì gba rìsíìtì.