Ibi tí Wáyà àti Òkúta Gbé Pàdé

Òkúta dúdú tí ń dán, èyí tí a ń lọ̀ ní tìróò, ti ṣe iṣẹ́ ńlá láyé kan rí. Òkúta òjé ni. (Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe lé e sí ojú ọmọ.)

Ní 1874, Ferdinand Braun, ará Jámánì, fi ṣóńṣó wáyà kan irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé iná mànàmáná ń wọlé, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti padà, bí ẹja tí ó wọ ìgèrè. Jagadish Chandra Bose, ará Íńdíà, fi òkúta náà gba ìgbì rédíò. Ní 1904, Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Àwọn tí ó lo irú rédíò yìí mọ ìyọnu rẹ̀: bí òróró ọwọ́ bá kan òkúta náà, ohùn lè pa rẹ́.

Kí ni ó fà á? Ojú òkúta níbi tí òun àti wáyà gbé pàdé ni iṣẹ́ wà. Walter Schottky ṣàlàyé ní 1938 pé ohun kan wà níbẹ̀ bí ọgbà, tí ń dí iná lọ́nà. Ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú náà lè sọ ọgbà náà di gíga tàbí kúkúrú. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn kíákíá, ju bí eruku ọyẹ́ ti í bo tábìlì lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wádìí rẹ̀ nínú àgbá irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ojú òkúta ni John Bardeen àti Walter Brattain ń wádìí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ṣe transístọ̀ ní oṣù Kejìlá 1947, tí rédíò fi di ohun tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sí oko.

Ní Ìbàdàn lónìí, lórí òrùlé ní Bódìjà àti Agbowó, irú ìpàdé kan náà wà nínú sólà. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀, fàdákà ni; sílíkọ́ọ̀nù ni ó wà lábẹ́ wọn. Bí dígí bá sán, tàbí bí etí rẹ̀ bá là, ọ̀rinrin a wọlé, a sì máa jẹ ibi tí fàdákà gbé di sílíkọ́ọ̀nù mú. Iná a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, bí dígí tilẹ̀ ń dán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra sólà àlòkù ní Dùgbẹ̀ tàbí níbòmíràn, kí ó fi ọwọ́ tọ etí rẹ̀ yíká, kí ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò dáadáa, kí ó tó ka iye agbára tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.